Ta Ni Ẹni Kẹta?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Adó-Èkìtì

  Ẹ ti lè kọ orúkọ ara yín. Ẹ ti lè ka nọ́ńbà. Lónìí a fẹ́ kí á jọ sọ̀rọ̀ nípa ìwé kékeré kan tí ó yẹ kí ó wà nínú gbogbo ọkọ̀ tí ń kọjá níwájú ilé yín. Ìwé náà kò gùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn, owó ilé ìwòsàn, àti oúnjẹ àwọn ọmọ lè wà lórí rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni ìwé ìnṣọ́ráǹsì ẹni kẹta. Àwọn akọ̀wé wa a máa pe ìnṣọ́ráǹsì ní ìdójútòfò, èyíinì ni ohun tí a fi ń dójú ti òfò. Kí á tó ṣàlàyé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ajílósùn

Ní ọdún 2014, a jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ní ọkọ̀ kékeré kan, àlòkù ni. Nígbà tí ọjọ́ ìwé ọkọ̀ náà pé, a kò lọ sí ibi tí ó yẹ kí á lọ. Ọmọkùnrin kan wà tí í máa bá àwọn tíṣà ṣe ìwé ọkọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ẹ mú owó wá, n óò bá yín ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀." Nígbà náà, owó ìnṣọ́ráǹsì ẹni kẹta fún ọkọ̀ kékeré jẹ́ ₦5,000. Ọmọkùnrin yìí gba ₦2,500 lọ́wọ́ wa. Inú wa dùn. A rò pé ọgbọ́n ni a gbọ́n. Ó mú ìwé wá, ìwé náà ní òǹtẹ̀, ó sì ní àwọ̀ mèremère. A kì í sínú ọ̀rá, a fi í sínú ọkọ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró, a ó nà án sí wọn. Wọn á wò ó fìrí, wọn á ní, "Ọ̀gá, ó dàbọ̀."

A kò kà á. Ẹ gbọ́ o: àwa tí à ń bá ọmọ wí nítorí pé kò kàwé, a kò ka ìwé tiwa.

Ní ọjọ́ kan òjò rọ̀. À ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Bí a ti dé Ajílósùn, a tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yọ̀, ó sì lọ kọlu ìyá aláta kan níbi tí ó jókòó sí lẹ́bàá títì. Ẹsẹ̀ ìyá náà ṣẹ́. Ata, tòmátì àti àlùbọ́sà rẹ̀ fọ́n sínú gọ́tà. Èrò pé lé wa lórí. A gbé ìyá náà lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú ìdààmú yẹn, ọkàn wa ṣì balẹ̀ díẹ̀, nítorí a gbàgbọ́ pé a ní ìwé.

Ní ọjọ́ kejì, a mú ìwé náà lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀. Akọ̀wé wọn wo nọ́ńbà ìwé, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún wo ojú wa. Ó ní, "Ọ̀gá, ìwé yìí kì í ṣe tiwa. Ayédèrú ni." Ìtìjú bò wá. Nígbà tí a wá fara balẹ̀ ka ìwé náà, a rí i pé nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n kọ sí i kò tilẹ̀ bá ti ọkọ̀ wa mu. Létà kan yàtọ̀. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbà á.

Àwa fúnra wa ni a san gbogbo owó náà. A yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wa fún ọdún méjì gbáko. Ìyá náà lo oṣù mẹ́rin láìlọ sọ́jà. Títí di òní ó ń tiro díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó dùn wá ju gbèsè lọ. Nígbà tí a ń sáré ìwé kiri, ìyá náà bi wá léèrè lórí ibùsùn pé, "Ọ̀gá tíṣà, kí tilẹ̀ ni ìwé tí ẹ ń wá yìí?" A ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé nítorí tèmi ni ìjọba ṣe ní kí ẹ rà á?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí."

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni ó gbé wa wá síwájú yín lónìí.

Ta ni ẹni kẹta náà?

Nígbà tí onímọ́tò bá ra ìnṣọ́ráǹsì, àdéhùn ni ó ṣe. Ẹni kìíní nínú àdéhùn náà ni onímọ́tò tí ó san owó. Ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó. Ẹni kẹta kò sí níbẹ̀. Ó wà lóko, ó wà lọ́jà, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí. Kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe àdéhùn kankan. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ọkọ̀ náà bá ṣe é léṣe, tàbí bí ó bá pa á, tàbí bí ó bá ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́, tí ẹ̀bi sì jẹ́ ti ọlọ́kọ̀, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì ni yóò san owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bìínú dípò onímọ́tò.

Ẹni kẹta ni ìyá tí ń ta àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà Ìjàn. Ẹni kẹta ni ọmọ ilé-ìwé tí ń sọdá títì ní Fájuyì. Ẹni kẹta ni èrò tí ó san owó ọkọ̀ láti Adó lọ sí Àrámọkọ. Ẹni kẹta ni ẹni tí lọ́rì wó ògiri ilé rẹ̀. Ní kúkúrú, ẹ̀yin ni, àwa náà ni.

Dírẹ́bà tí ó jẹ̀bi kò sí lára wọn. Ọkọ̀ tirẹ̀ tí ó fọ́ kò sí lára wọn. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń kùn pé, "Bí mo bá sanwó tán, kí ni èrè tèmi?" Èrè tìrẹ ni pé o kò ní ta ilẹ̀ bàbá rẹ nítorí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Gbogbo wa ni a mọ èésú. Bí ogún ènìyàn bá ń dá èésú, olúkúlùkù ni yóò kó o nígbà tirẹ̀. Ìnṣọ́ráǹsì dàbí èésú tí ó ní òfin mìíràn: gbogbo ọlọ́kọ̀ ni ó ń dá a, ṣùgbọ́n ẹni tí òfò bá bá nìkan ni à ń kó o fún. Ọlọ́kọ̀ tí ó bá lo ọdún kan láìkọlu ẹnikẹ́ni, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Owó rẹ̀ kò sọnù. Ó ti bá wọn wo ẹsẹ̀ ẹnì kan sàn ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́kọ̀ kò bá dá a, tàbí tí wọ́n bá ń dá a fún ọmọkùnrin tí ń ta ayédèrú, kí ni a óò rí kó ní ọjọ́ òfò?

Òfin náà kì í ṣe ti àná

Àwọn kan rò pé ọlọ́pàá ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Rárá o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1930 ni ó sọ ọ́ di dandan. Ìjọba amúnisìn ṣe irú òfin kan náà fún Nàìjíríà ní ọdún 1945, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1950. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jókòó síhìn-ín kò tíì dé ayé nígbà náà. Ẹ̀mí àti ara ènìyàn ni òfin yẹn wà fún.

Ní ọdún 2003, ìjọba ṣe òfin mìíràn tí ó fi ohun ìní kún un. Ó ní ìwé náà gbọ́dọ̀ lè dáhùn fún ohun ìní tí ó tó mílíọ̀nù kan náírà, ó kéré tán. Òfin 2003 yẹn tún sọ pé ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ láìní ìwé yìí lè san ìtanràn ₦250,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, NAICOM, èyí tí í ṣe àjọ ìjọba tí ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì, fi iye tuntun lélẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kà á pọ̀:

Ọ̀kadà: kí ó san ₦3,000 lọ́dún. Ìwé rẹ̀ lè dáhùn fún ohun ìní tí ó tó mílíọ̀nù kan náírà.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá: ₦5,000. Ó lè dáhùn fún mílíọ̀nù méjì.

Ọkọ̀ kékeré ti ara ẹni: ₦15,000. Ó lè dáhùn fún mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ń gba owó ẹrù: ₦100,000. Ó lè dáhùn fún mílíọ̀nù márùn-ún.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò káàkiri Nàìjíríà. Ní ọdún 2025 yìí kan náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó kó àwọn òfin ìnṣọ́ráǹsì àtijọ́ pọ̀ sójú kan. Ìwé ẹni kẹta ṣì jẹ́ dandan.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Láti ọdún 1950 wá, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kí ló wá dé tí ìyá aláta fi wí pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí?

Ohun mẹ́rin tí ó so òfin náà lẹ́sẹ̀

Èkíní, ọlọ́pàá ni à ń ra ìwé náà fún. Ẹ bi dírẹ́bà kan léèrè ní gáréèjì pé kí ni ìwé yìí wà fún. Yóò ní, "Kí ọlọ́pàá má baà dá mi dúró ni." Kò ní dárúkọ aláta. Kò ní dárúkọ ọmọ ilé-ìwé. Nítorí náà, ìwékíwèé tí ó bá ti lè mú kí ọlọ́pàá sọ pé ó dàbọ̀, ó ti tó lójú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó kékeré ni yóò fi kọjá lójú ọ̀nà, yóò fi owó náà kọjá, kò tún ní ra ìwé rárá.

Èkejì, ayédèrú pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì Nàìjíríà fúnra wọn ti ké gbàjarè lọ́pọ̀ ìgbà pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí ń rìn lójú títì kò ní ojúlówó ìwé. Àìsàn yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní ilẹ̀ Gánà, irú òfin yìí ti wà láti ọdún 1958, ayédèrú sì bá wọn jà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí ó ní ìnṣọ́ráǹsì sínú ẹ̀rọ, kí ènìyàn lè fi fóònù wádìí wọn. Àwa náà ní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. NIID ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, yóò sọ bóyá ìwé ọkọ̀ náà wà láàyè. Bí àwa bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2014, à bá ti mọ òótọ́ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, owó wọ́n, ìgbẹ́kẹ̀lé sì kéré. Láti ₦5,000 bọ́ sí ₦15,000, ìyẹn kì í ṣe ìgbésẹ̀ kékeré fún tíṣà tàbí àgbẹ̀. Ọlọ́kadà mìíràn kò ní ọ̀kadà tí ó ń gùn. Ó ń jẹ́ iye kan fún ọ̀gá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní kí ọ̀gá ra ìwé, ọ̀gá ní kí ó rà á. Nígbà tí wọ́n ń ti ọ̀rọ̀ náà síra wọn, ọ̀kadà ń rìn láìní ìwé. Ṣùgbọ́n òfin bá àwọn méjèèjì wí: ẹni tí ó wa ọkọ̀, àti ẹni tí ó gbé ọkọ̀ fún un. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn mìíràn ń falẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Bí alájọ bá ń falẹ̀ láti kó owó fún ni, ta ni yóò tún fẹ́ dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀? A kò gbọ́dọ̀ fi èyí pamọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀bẹ̀. Àwa ọmọ Èkìtì, a mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọlu ènìyàn, àwọn àgbà á dé, wọn á dọ̀bálẹ̀, wọn á ní, "Ẹ fi jin Ọlọ́run. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọmọ ìlú kan náà ni wá." Àṣà tí ó dára ni. Ó ń pa ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í to eegun, kì í sì í san owó ilé-ìwé.

Ẹ rántí Ìwòròkó. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ní alẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ àárín èrò ní ọjà Ìwòròkó, ní ọ̀nà Adó sí Ifákì. Ó pa ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lára wọn. Gbogbo Èkìtì sunkún. Òfò tí ọkọ̀ kan lè ṣe ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Dírẹ́bà wo ni owó oṣù rẹ̀ lè gbọ́ bùkátà ilé mẹ́wàá? Onílọ́rì mélòó ni ó lè ṣe é, bí ó tilẹ̀ ta lọ́rì rẹ̀? Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe òfin yìí dè. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kí á sunkún, kí á sì béèrè ìwé.

Àwọn dírẹ́bà wa a máa kọ àdúrà sára ọkọ̀. Wọ́n mọ̀ pé irin kì í ṣe ohun ìṣeré. Ìrè-Èkìtì níhìn-ín ni orúkọ Ògún ti kan dé gbogbo ayé. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà tí ó gbàdúrà kí òun dé ilé láyọ̀, kí ó ra ìwé fún ẹni tí òun lè ṣèèṣì kọlù lọ́nà pẹ̀lú.

Ìyá tí kò tẹ̀ka

Ẹ jẹ́ kí á sọ èyí tí ó dára fún yín. Ní ọdún 2023, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan kọlu ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ń bá wa kàwé, ní ọ̀nà Ìlawẹ̀. Gàrí ni ìyá náà ń tà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́, igbá gàrí rẹ̀ sì fọ́. Bí ó ti wà nílẹ̀ tí ó ń jẹ̀rora, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Kọ nọ́ńbà ọkọ̀ yẹn." Ọmọ náà kò rí ìwé, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ènìyàn dírẹ́bà wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú àwọn àgbà. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Wọ́n mú ₦30,000 wá. Wọ́n sì mú ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, pẹ̀lú yíǹkì. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ tẹ̀ka síbí, kí ọ̀rọ̀ parí."

Ìyá náà ní, "Èmi kì í tẹ̀ka mọ́. Orúkọ mi ni mò ń kọ." Ó gba ìwé náà, ó gbé e sójú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ó rí orúkọ ara rẹ̀, ó sì rí 30,000. Ó ti ka ìwé tí ilé ìwòsàn mú wá fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì mọ̀ pé owó tiwọn ti kọjá ₦100,000. Ó ní, "Ẹ fi ìwé yìí sílẹ̀, kí tíṣà mi wá kà á fún mi."

Wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Ìwé náà sọ pé ìyá náà ti gba owó rẹ̀ tán, àti pé kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ láé lọ́wọ́ onímọ́tò tàbí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì rẹ̀. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ tán, ìyá náà yíjú sí àwọn àgbà. Ó ní, "Mo ti gba ẹ̀bẹ̀ yín. N kò bínú sí dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Kò fọwọ́ sí i.

Bọ́ọ̀sì náà ní ojúlówó ìwé. A gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, a kó rìsíìtì ilé ìwòsàn jọ, a sì kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á purọ́ fún yín: kò yá. Lẹ́tà mẹ́ta ni a kọ, oṣù méje ni a sì fi dúró. Wọ́n san owó ilé ìwòsàn, wọ́n sì san díẹ̀ nítorí ọjà tí kò lè tà. Owó tí ó san fún ẹni tí ń to eegun, wọn kò san án, nítorí kò gba rìsíìtì. Dírẹ́bà náà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní bí kì í bá ṣe ìwé yẹn, òun ì bá ti wọ gbèsè. Ṣé ẹ rí i? Ìwé kan náà ni ó gba ẹni tí a kọlù àti ẹni tí ó kọlù ú.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

Bí ọkọ̀ bá kọlu ẹ̀yin tàbí ènìyàn yín:

1. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀mí ni àkọ́kọ́.

2. Kí ẹnì kan kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀. Nọ́ńbà ti àkókò yìí jẹ́ létà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, àti létà méjì. Ẹ má fi sórí nìkan. Orí a máa gbàgbé.

3. Ẹ ní kí dírẹ́bà mú ìwé ìnṣọ́ráǹsì rẹ̀ jáde. Ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìwé náà, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á.

4. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ yóò béèrè rẹ̀.

5. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san, ì báà ṣe ti oògùn, ì báà ṣe ti ọkọ̀. Ẹ ní kí ẹni tí ń to eegun kọ tirẹ̀ pẹ̀lú.

6. Ẹ tètè kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì náà. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ lọ rí lọ́yà. Láti ọdún 2003 ni òfin ti gbà pé ẹni kẹta lè pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ pọ̀ mọ́ onímọ́tò.

7. Ẹ má tẹ̀ka, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà, tàbí tí ẹni tí ẹ fọkàn tán kò kà fún yín.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà:

Ẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín, tàbí kí ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé náà, ẹ ka ohun márùn-ún lórí rẹ̀: orúkọ yín, nọ́ńbà ọkọ̀ yín, orúkọ ilé-iṣẹ́, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí létà kan bá yàtọ̀, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ yín tí ó ní fóònù wo NIID, kí ó tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má tíì gbé ọkọ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀yin ará wa, ọlọ́pàá nìkan kò lè mú òfin yìí ṣiṣẹ́. Wọ́n lè dá ọkọ̀ dúró lónìí, kí wọ́n má sí níbẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni kẹta wà lójú ọ̀nà lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí èrò bá ń bi dírẹ́bà ní gáréèjì pé, "Ṣé ìwé wa wà nínú ọkọ̀ yìí?", tí aláta bá ń béèrè, tí ọmọ ilé-ìwé bá ń béèrè, ọjọ́ náà ni ayédèrú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò ní, "Ṣé ìwé yín wà?" A ní, "Ṣé ìwé wa wà?" Nítorí tiwa ni.

Ìyá aláta Ajílósùn ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí. Ẹ̀yin ti gbọ́ báyìí. Bí ẹ bá délé, ẹ sọ fún ẹnì kan tí kò tíì mọ ìwé kà.

 

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni ẹni kìíní, ẹni kejì àti ẹni kẹta nínú àdéhùn ìnṣọ́ráǹsì?

2. Kí ni tíṣà ì bá ti rí lórí ìwé rẹ̀ bí ó bá kà á ní ọdún 2014?

3. Kí ni ó wà nínú ìwé tí wọ́n ní kí ìyá onígàrí tẹ̀ka sí? Bí ẹ bá jẹ́ ìyá náà, kí ni ẹ ó ṣe?

4. Ṣé ó yẹ kí á máa bẹ ẹni tí ọkọ̀ kọlù? Kí ni ẹ̀bẹ̀ lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Iṣẹ́ ilé: Lọ́la, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọ̀ tàbí tí ó bá kọjá níwájú ilé yín sínú ìwé yín. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí á jọ kà á.